Èéfín Ilé-iṣẹ́ Yín: Èwo Nínú Àwọn Ẹ̀rọ Ìfọ̀ Èéfín Ló Yẹ Yín?

Bí ẹ bá ní ilé-iṣẹ́ ní Ìlúpéjú, Mátórì, Ìsọlọ̀, Orégùn tàbí Àmùwó-Ọ̀dọ́fin, ó ṣeé ṣe kí ìwé LASEPA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo àyíká, ti dé ọwọ́ yín rí, tàbí kí àwọn aládùúgbò ti wá kan géètì nítorí aṣọ funfun tí wọ́n sá tó di aláwọ̀ eérú. Kò ní pẹ́ sí ìgbà náà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ á fi dé. Ọ̀kan á ní cyclone ló dáa jù, èkejì á ní irọ́ ni, scrubber ni kí ẹ rà, ẹ̀kẹta á ní kí ẹ sáà gbé ihò èéfín yín ga sí i. Ẹ fiyè sí i bóyá ìkankan nínú wọn bi yín ní ohun tó wà nínú èéfín ọ̀hún.

Ká tiẹ̀ ti yọ ti ihò èéfín gíga kúrò ńbẹ̀. Kì í fọ nǹkan kan. Orí òrùlé ẹlòmíì ló ń gbé ẹ̀gbin yín lọ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Oríṣi méjì ni ẹ̀gbin inú èéfín. Ọ̀kan ní ara tó ṣeé fọwọ́ kàn, ìyẹn eruku: eérú, eruku irin, ìyẹ̀fun, èédú kíkúná. Èkejì jẹ́ gáàsì pọ́ńbélé: sulfur dioxide tó ń jáde nígbà tí bọ́ílà bá ń jó black oil (epo dúdú tó ki), èéfín ásíìdì níbi tí wọ́n ti ń fi ásíìdì fọ irin, òórùn tìnà níbi tí wọ́n ti ń fín ọ̀dà. Ẹ̀rọ tó ń mú eruku kì í mú gáàsì. Asẹ́ tó dára jù lọ láyé, gáàsì á gba inú rẹ̀ kọjá, kò ní dúró kí i. Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọlẹ̀.

Tó bá jẹ́ eruku, ẹ béèrè bó ṣe tóbi tó. Máíkírọ́ọ̀nù la fi ń wọ̀n ọ́. Irun orí ènìyàn kan fẹ̀ tó nǹkan bíi 70. Eruku tó tó 20 tàbí 30 kò ṣòro láti mú. Èyí tí kò ju 2.5 lọ, tí wọ́n ń pè ní PM2.5, ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, òun náà ló sì ń bọ́ mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dín ìwọ̀n rẹ̀ tó yẹ kó wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́dún kù láti máíkírógíráàmù 10 sí 5 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan. Báńkì Àgbáyé náà fojú bù ú pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin fa ikú àìpé ọjọ́ tó tó 11,200 ní Èkó ní ọdún 2018. Ilé-iṣẹ́ nìkan kọ́ ló fà á o. Mọ́tò, jẹ́nẹ́rétọ̀ àti ààtàn tí wọ́n ń sun wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ló ní ojúkò tí wọ́n lè wá bá.

Lẹ́yìn èyí ni ooru àti ọ̀rinrin. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń fẹ̀: èéfín tó wà ní 200°C gba àyè tó ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ èyí tí ì bá gbà ní 30°C. Ẹni tó bá fi ìṣirò afẹ́fẹ́ tútù ra ẹ̀rọ fún èéfín gbígbóná ti ra èyí tó kéré.

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ sọ ni owó iná fáànù. Kí èéfín tó lè gba inú ẹ̀rọ kọjá, fáànù gbọ́dọ̀ tì í, bí ẹ̀rọ náà bá sì ṣe dí afẹ́fẹ́ lọ́nà tó ni fáànù á ṣe jẹná tó. Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń tú èéfín 10,000 kúbíìkì mítà jáde ní wákàtí kan, ká sì gbà pé fáànù rẹ̀ ń lo 60 nínú 100 agbára tó ń gbà. Mílímítà omi la fi ń wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà tó. Ẹ̀rọ tó ń dí i tó mílímítà omi 150 á gba nǹkan bíi kílówáàtì 7. Èyí tó ń dí i tó 750 á gba 35. Ká ní 200 náírà ni ẹ̀ ń ra kílówáàtì-wákàtí kan, tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, 14,000 náírà ni ẹni àkọ́kọ́ á san, 70,000 ni ẹnì kejì. Lójoojúmọ́ ni o. Tó bá jẹ́ dísù lẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ fi owó lé e.

Ìbéèrè méjì tó kù kúrú. Ẹ̀gbin tí ẹ̀rọ bá gbà, ibo ló ń lọ? Kì í pòórá: inú àpò ló wà, tàbí inú omi, tàbí inú èédú, ẹ̀yin lẹ ó sì wá ibi tí ẹ ó kó o sí. Àti pé nígbà tí iná bá lọ ńkọ́? Àwọn tó wà ní Band A pàápàá, ogún wákàtí ni àdéhùn wọn lójúmọ́. Mẹ́rin ṣì kù.

Cyclone

Irin roboto tó ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ ni. Èéfín á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, á máa yí bìrìbìrì, eruku tó wúwo á gbá mọ́ ara irin, á sì rọ́ sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gba àárín jáde lókè. Kò sí ohun tó ń yí tàbí tó ń gbó kíákíá nínú rẹ̀. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ ní Mushin lè rọ ọ́ bí ẹ bá fún un ní àwòrán tí ẹni tó mọ ìṣirò yà. Ooru kò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe, owó iná rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ó ń mú èyí tó ju máíkírọ́ọ̀nù 10 lọ dáadáa. Kó tó kan 5, ọwọ́ rẹ̀ ti ń rọ, PM2.5 sì ń gbà á kọjá. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé cyclone òun ń mú 95 nínú 100, ẹ bi í pé irú eruku wo.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde lókè ń fa ti ìsàlẹ̀ náà. Bí ìdérí ibẹ̀ bá jò, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, á gbé eruku tó ti jábọ́ padà sókè, á sì gbà á jáde. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi àpò sìmẹ́ńtì àti okùn di ìsàlẹ̀ cyclone, tí wọ́n wá ń ráhùn pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́.

Ní tèmi, ìbẹ̀rẹ̀ ni cyclone. Òun nìkan tó fún ilé káfíńtà. Níbòmíràn, ẹ jẹ́ kó ṣáájú ẹ̀rọ tó jù ú lọ.

Baghouse

Èyí ni mo gbà pé ó yẹ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké àti aláàbọ̀ ní apá Mainland, ìdí nìyí tí màá fi pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Yàrá irin ni, tí àpò aṣọ gígùn-gígùn so rọ̀ nínú rẹ̀. Èéfín á gba ara aṣọ wọlé, eruku á dúró síta. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ìyókù: èérí tó gbé lórí aṣọ ló ń mú kí asẹ́ náà túbọ̀ kúnná, òun náà ló sì ń mú kó máa lọ́ra. Eruku tó bo àpò lójú gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ àsẹ́ jù. Tó bá nípọn jù, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fẹ́ atẹ́gùn líle sínú àpò lójijì, èérí á já sísàlẹ̀, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń mú ju 99 nínú 100 lọ, PM2.5 náà kò sì yọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún fóòmàànù onítara. Ó máa ń wá bá ọ̀gá pé, “Ọ̀gá, mo ti sọ fífẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po méjì o, kí àpò lè máa mọ́ dáadáa.” Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ sì ní kó dá a padà. Àpò tó mọ́ jù ń jò, fífẹ́ ní gbogbo ìgbà sì ń já a. Gééjì kékeré tó wà lára ẹ̀rọ ni kó máa wò: bó bá wà láàárín mílímítà omi 75 sí 150, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ lójijì, àpò kan ti ya. Bó bá ń gun òkè láìsọ̀, nǹkan ti dí.

Fún ilé-iṣẹ́ 10,000 kúbíìkì mítà wa yẹn, ẹ nílò aṣọ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 140 mítà onígun mẹ́rin. Bí àpò kọ̀ọ̀kan bá gùn ní mítà mẹ́ta tó sì fẹ̀ ní mílímítà 150, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún àpò. Ẹni tó bá mú èyí tó ní ogójì wá, tó ní á ṣe é, fáànù á máa gbé eruku gún inú aṣọ títí á fi dí pátápátá.

Ohun tí wọ́n fi hun àpò ló ń sọ iye ooru tó lè fara dà. Polyester kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bíi 130°C. Nomex ń dé 200. Fiberglass àti PTFE ń dé 260, owó wọn sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ẹyin iná kan láti inú ìléru lè lu àpò. Ìdí tí cyclone fi ń ṣáájú nìyẹn, kó lè gba ẹyin iná.

Ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù ní Èkó ni omi. Láti oṣù kẹrin sí ìkeje, afẹ́fẹ́ wa kún fún ọ̀rinrin, atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà sì ń gbé omi wọlé. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń gbẹ atẹ́gùn náà, eruku á di ẹrọ̀fọ̀ lójú àpò, á sì gan. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ má wo ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn ún. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí eruku ń rọ́ sí. Tí irin ibẹ̀ bá kún fún ojú òòlù káàkiri, tó ti jìn wọnú lọ́tùn-ún lósì, ẹ ti mọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn lójoojúmọ́, wọ́n sì ń lù ú kó lè já. Ẹ bèrè ìdí tó fi ń lẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ohun méjì sí i. Ìyẹ̀fun àti eruku oúnjẹ adìyẹ lè bú gbàmù nínú yàrá irin. Ẹ má gba èyí tí kò ní ojú ìtúsílẹ̀ tó ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà ìbúgbàmù, kí ó sì kọjú síbi tí ènìyàn kì í gbà. Èkejì dùn mọ́ mi: mo ti sọ pé ẹ̀rọ eruku kì í mú gáàsì, ọgbọ́n kan wà tó yẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá ń fọ́n láìmù lúbúlúbú (ti òkúta, kì í ṣe ti èso) sínú páìpù kó tó dé àpò, láìmù á gbé ásíìdì inú èéfín mì, àpò á wá mú láìmù. Àwọn tó ń yọ́ àlùmíníọ́ọ̀mù àlòkù, tí wọ́n ń da iyọ̀ sí i kó lè mọ́, ló nílò èyí jù.

Ẹ̀rọ oníná mànàmáná, ESP

Frederick Cottrell ló sọ èyí di ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bíi 1907. Iná mànàmáná tó lágbára, láti 20,000 volt lọ sókè, á wọ eruku lára, pẹrẹsẹ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì fà á mọ́ra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dí afẹ́fẹ́ lọ́nà rárá, fáànù rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ wa yẹn kò ní jẹ tó kílówáàtì 2, ooru kò sì bà á lẹ́rù. Lórí ìwé, ó lẹ́wà gan-an.

Owó ìrà rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lé ènìyàn. Bí iná bá sì ti ṣẹ́jú, eruku ti gba ibẹ̀ jáde nìyẹn. Àwọn eruku kan tún wà tí iná kì í wọ̀ lára dáadáa. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì àti ibùdó iná ńlá ló ni ín. Mi ò ní gbà á níyànjú fún ẹnikẹ́ni ní Mátórì.

Scrubber

Omi ni èyí ń lò, oríṣi méjì sì ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín bí ọ̀kan. Venturi ń fi omi gbá eruku: èéfín á sáré gba ọrùn tóóró kọjá, omi á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á gbá eruku mú. Ó wúlò níbi tí eruku bá ń lẹ̀ tàbí tó bá tutù, tí àpò kò lè gbà. Ṣùgbọ́n òun ni ẹni tó ń jẹ kílówáàtì 35 lẹ́ẹ̀kan, tí eruku bá kúnná. Èkejì ni ilé-ìṣọ́ tó kún fún ike kéékèèké: omi ń ti òkè ṣàn sọ̀kalẹ̀, gáàsì ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, wọ́n pàdé lójú àwọn ike náà. Bí ẹ bá po kọ́sítíkì mọ́ omi rẹ̀, ó ń gba ásíìdì àti sulfur dioxide dáadáa. Fún àwọn tó ń fi ásíìdì fọ irin kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú síǹkì, kò sí ẹlòmíì tó tó o.

Kí ẹ ní mítà pH, èyí tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, kí ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀. Bí pH bá ṣubú, gáàsì ń kọjá lọ. Bí ẹ bá gbé e kọjá 10, kọ́sítíkì á bẹ̀rẹ̀ sí í gba carbon dioxide tí ẹnikẹ́ni kò rán an sí, owó ń ṣòfò.

Omi fúnra rẹ̀ ni wàhálà. Ní àgbègbè tó súnmọ́ ọ̀sà, bí Àpápá, iyọ̀ ti wọ ọ̀pọ̀ borehole; irin tí wọ́n ń pè ní stainless 304 kì í pẹ́ kó tó lu nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi fiberglass tàbí ike polypropylene ṣe. Omi ìdọ̀tí tó ń jáde kò sì gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Ẹ óò kọ́ ibi tí ẹ ó ti tọ́jú rẹ̀, kí ẹ kọ iye owó yẹn mọ́ ti ẹ̀rọ kí ẹ tó fi í wé baghouse. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni scrubber fi ń dà bí èyí tí kò wọ́n títí wọ́n fi ka èyí mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Èéfín funfun tó ń jáde lókè scrubber, oru omi ni púpọ̀ nínú rẹ̀, aládùúgbò á sì máa fi pè yín lẹ́jọ́. Òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù: ihò èéfín tí ẹ kò rí nǹkan kan lókè rẹ̀, tí ọ̀fun ń dun àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Èédú, iná, àti ìdọ̀tí alààyè

Fún òórùn ọ̀dà, tìnà àti gọ́ọ̀mù, èédú tí wọ́n ṣe ní àkànṣe, èyí tó dára nínú rẹ̀ wá láti ara èèpo líle inú àgbọn, ń fa òórùn mọ́ra. Kò wọ́n láti bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ ooru tó ju nǹkan bíi 40°C lọ, ọ̀rinrin Èkó sì ń bá òórùn du àyè inú rẹ̀, nítorí náà á tètè yó ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé lọ. Ẹ béèrè ẹni tó máa kó èyí tó ti yó.

Ẹ̀rọ tó ń jó òórùn ní 760°C sókè ń pa ẹ̀gbin rẹ́ ní tòótọ́; ti èédú, ṣíṣí ló kàn ń ṣí i nípò. Irú rẹ̀ tó ń dá ooru padà lè gba nǹkan bí 95 nínú 100 ooru náà pamọ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ láìdáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta lẹ fi ń fín ọ̀dà lójúmọ́, gáàsì tí ẹ ó fi máa mú un gbóná láràárọ̀ á jẹ èrè yín.

Biofilter ni mo fẹ́ràn nínú wọn, mi ò lè purọ́. Ibùsùn igi wẹ́wẹ́ tàbí èèpo àgbọn tutù ni, kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á sì máa jẹ òórùn ẹja, ẹ̀jẹ̀ tàbí oúnjẹ ẹran. Láti 15 sí 40°C ló ti ń gbádùn, ọ̀rinrin ló sì fẹ́: ojú ọjọ́ Èkó gan-an. Ilẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀. Èéfín 10,000 kúbíìkì mítà tó gbọ́dọ̀ lo ìṣẹ́jú-àáyá 45 nínú rẹ̀ nílò 125 kúbíìkì mítà, ìyẹn ilẹ̀ 125 mítà onígun mẹ́rin bí ó bá jìn ní mítà kan. Ní Ìkẹjà, ẹ bá ọ̀gá onílé sọ̀rọ̀ ná.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ tàbí ìyẹ̀fun: cyclone, lẹ́yìn náà baghouse alápòo polyester tó ní ojú ìtúsílẹ̀. Ẹni tó ń yọ́ bàbà tàbí àlùmíníọ́ọ̀mù àlòkù: cyclone, ibi ìtutù, baghouse Nomex, láìmù bó bá ń da iyọ̀ sí i. Òjé bátìrì náà, baghouse ni, nítorí èéfín òjé kúnná púpọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹ̀rọ kankan tó máa jẹ́ kí n gbà pé ó yẹ kí irú iṣẹ́ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé tàbí ilé ìgbé. Ibi ìfọ irin àti ibi ìrẹ síǹkì: scrubber onílé-ìṣọ́, tó jẹ́ ike. Ẹni tó ń tẹ̀wé tàbí tó ń fín ọ̀dà díẹ̀: èédú, ẹni tó ń ṣe é tọ̀sán-tòru: ẹ̀rọ tó ń jó o. Ẹja àti ẹran: biofilter tí ilẹ̀ bá wà, scrubber tí kò bá sí.

Èyíówù tí ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó tó kẹ́yìn kò ní jáde àfi tí ilé-ìdánwò tí kì í ṣe tiwọn bá wọn ohun tó ń jáde lókè ihò èéfín, nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó. Ẹ sì jẹ́ kí oníná-mànàmáná yín so fáànù mọ́ ìléru, kí ìléru má lè jó bí fáànù bá kú. Iṣẹ́ wáyà tí kò wọ́n ni; ẹni tí kò bá ṣe é, jẹ́nẹ́rétọ̀ á máa gbé ìléru nìkan.

Ẹni tó ń fi black oil gbé bọ́ílà, tó sì ń wá scrubber, ìmọ̀ràn mi fún un yàtọ̀. Bí epo rẹ̀ bá ní sulfur 3 nínú 100, tọ́ọ̀nù kan tó bá jó ń tú sulfur dioxide 60 kílò sí afẹ́fẹ́, kọ́sítíkì tó máa gbé ìyẹn mì kò kéré. Gáàsì inú páìpù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní sulfur rárá, páìpù náà sì ti dé ọ̀pọ̀ ọgbà ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Ìlúpéjú. Kó kọ́kọ́ lọ gba iye tí wọ́n máa gbà láti so bọ́ílà rẹ̀ mọ́ ọn àti láti pààrọ̀ bọ́nà rẹ̀, kó fi wé iye scrubber pẹ̀lú kọ́sítíkì ọdún márùn-ún, kó tó dá ẹnikẹ́ni tó mú ìwé aláwòrán wá lóhùn.